Bí Nọ́ọ̀tì Ìsàlẹ̀ Bá Kọ̀, Ọ́ìlì Kò Gbọdọ̀ Gbó Síbẹ̀

Àwáwí kan wà tí ó ti di àṣà láàrin àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn mẹ́káníìkì ilẹ̀ wa, tí ó sì ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ gíábọ́ọ̀sì tí ikú wọn kò tíì tó: bí ẹni tí ó wọ abẹ́ ọkọ̀ láti pààrọ̀ ọ́ìlì gíà bá rí i pé nọ́ọ̀tì tí a fi dí ihò ìsàlẹ̀ ti bó lórí, tí igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó yẹ kí sípánà rí dì mú ti jẹ tán, tí orí rẹ̀ sì ti rí roboto, yóò jáde wá, yóò nu ọwọ́ sára àkísà, yóò sì sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kí ó fọkàn balẹ̀, ọ́ìlì gíà kì í gbó, ọlọ́kọ̀ náà, tí inú rẹ̀ dùn pé owó òun kò jáde, yóò wọ ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀tì tí ó kọ̀ kì í ṣe ìdí tí ọ́ìlì yóò fi gbó sínú gíábọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdí tí a ó fi gbé òòlù àti ṣísẹ̀lì ti irin aláìṣẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí ọ́ìlì náà lè gbà jáde, àwa gan-an ni a sì fi ọwọ́ ara wa dá wàhálà yìí sílẹ̀, láti ìgbà tí a ti ń fi agbára dí ohun tí ẹ̀sọ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. Ti ọkọ̀ máńúà ni, èyí tí ọwọ́ ọ̀tún awakọ̀ ń yí gíà rẹ̀ tí ẹsẹ̀ òsì sì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó gbé èrò àti ẹrù ilẹ̀ Yorùbá dé ibi tí ó dé: Peugeot 504, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, Volkswagen, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó ní ọdún kan náà, àti dánfó, aláwọ̀ ìyeyè onílà dúdú, ọkọ̀ tí kì í kún lójú kọ̀ndọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tokunbọ̀ tí ń wọlé ni ó jẹ́ ọ́tò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró ní Ọjọ́ta tàbí ní Iwo Road fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò mọ̀ pé máńúà kò tíì kú, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tí ó fẹ́ gbé iṣu tàbí kòkó jáde láti oko kò tíì rí èyí tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọ́ìlì yìí ń ṣe níbi tí ó wà. Nínú gíábọ́ọ̀sì, irin ni ó ń jẹ irin: àwọn ọ̀pá tí eyín pọ̀ lára wọn ń yí wọnú ara wọn, bẹ́rìn ń gbé wọn dúró, àwọn òrùka idẹ sì wà láàrin wọn, tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti mú kí eyín tí ń sáré àti eyín tí ń rìn jẹ́jẹ́ bọ́ sí ìwọ̀n eré kan náà kí wọ́n tó dì mọ́ra, kí awakọ̀ lè ti gíà kejì bọ́ sí ẹ̀kẹta láìsí pé irin ké. Ẹ́ńjìnnì ní fílítà tí ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ gíábọ́ọ̀sì máńúà kò ní. Ohun tí eyín àti òrùka bá ha sílẹ̀, inú ibẹ̀ náà ni ó ń gbé, ọ́ìlì a sì máa gbé e kiri láti ara eyín dé inú bẹ́rìn, títí tí èérún irin tí ó ti ara gíà wá yóò fi padà máa jẹ gíà. Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Nítorí èyí ni àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ṣe fi òòfà sí imú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí ó lè máa fa èérún náà mọ́ra. Ẹni tí kò bá sì tú u láti ìgbà tí ó ti ra ọkọ̀, kò lè mọ ohun tí òòfà ti kó jọ fún un.

Òtítọ́ ni pé ọ́ìlì gíà kì í tètè bàjẹ́ bíi ti ẹ́ńjìnnì, nítorí iná kì í jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èéfín kì í sì í wọ inú rẹ̀. Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàrin kìlómítà 50,000 sí 100,000, àwọn mìíràn sì wí pé ọ́ìlì náà yóò bá ọkọ̀ dé òpin ayé rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ayé wo? Ọkọ̀ tí wọ́n ti gùn gbó ní Jámánì tàbí ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó gba èbúté Kútọnu kọjá sọ́dọ̀ wa, tí a sì wá sọ ọ́ di agbérò láti ìdájí títí di òru lójú ọ̀nà tí kòtò rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀dà lọ, ayé rẹ̀ kejì ni ó ń lò yẹn, ẹni tí ó sì kọ ìwé náà kò ní irú ayé bẹ́ẹ̀ lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ ọ́.

Ta ni ó wá jẹ igun nọ́ọ̀tì náà? Ìpata wà lóòótọ́, ẹrẹ̀ àti omi ojú ọ̀nà wà, a kò sì gbàgbé pé irin líle ni nọ́ọ̀tì nígbà tí ara gíábọ́ọ̀sì jẹ́ álúmíníọ̀mù, àti pé bí irin méjì tí ẹ̀yà wọn yàtọ̀ bá pẹ́ lára wọn nínú omi, wọn a máa lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ìwọ̀nyí kúrò, ọwọ́ ènìyàn ni ó kù. Nọ́ọ̀tì yìí kì í béèrè agbára púpọ̀: lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, nǹkan bí 40 Nm ni a fi ń dì í, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí sípánà wa bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ẹrù kìlógíráàmù 16 tí a so mọ́ ìdí rẹ̀ ti tó; kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 tí àwọn ọmọ wa ń rù wálé láti ibi ẹ̀rọ wúwo ju ìyẹn lọ. Ẹ wá wo ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń ṣe: yóò ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, yóò fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, yóò sì fà á títí tí iṣan ọrùn rẹ̀ yóò fi yọ síta, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí ọ́ìlì bá jò, òun ni yóò san án. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé wáṣà pẹlẹbẹ abẹ́ orí nọ́ọ̀tì, èyí tí a fi bàbà tàbí álúmíníọ̀mù ṣe, ni ó ń dá ọ́ìlì dúró, pé ó yẹ kí a fi tuntun sí i nígbà gbogbo tí a bá tú u, àti pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Lẹ́yìn ti agbára ni ti irinṣẹ́. Fílátì sípánà, ẹgbẹ́ méjì péré ni ó ń dì mú lára orí onígun mẹ́fà. Bí ó bá fi díẹ̀ tóbi jù, bí ẹni pé a gbé 25 lé orí 24, igun ni yóò kọ́kọ́ jẹ kí nọ́ọ̀tì tó mì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni ó tọ́ sí i, kì í tilẹ̀ ṣe onígun méjìlá tí ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ti Volkswagen tún yàtọ̀: nọ́ọ̀tì tirẹ̀ kò ní orí tí ó yọ síta, ihò onígun mẹ́fà ni ó wà ní àárín rẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 17, kọ́kọ́rọ́ áléńkì tí ó bá a mu sì ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ mẹ́káníìkì ẹ̀bá ọ̀nà, tí yóò wá máa fi ṣísẹ̀lì gbẹ́ ihò náà bí ẹni tí ń gbẹ́ odó. Bẹ́ẹ̀ sì ni bóòtù lásán tí orí rẹ̀ jẹ́ 17, tí a fi nọ́ọ̀tì méjì dì mọ́ ara wọn ní ìdí rẹ̀, tí a sì ki orí rẹ̀ bọ inú ihò náà, yóò ṣe iṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe láìsí ariwo. Àwọn kan rò pé nítorí Ògún Lákáayé ni ó ni iṣẹ́ wọn, ipá ni gbogbo irin ń gbọ́. Wọ́n gbàgbé ìdí tí Ògún fi rí ọ̀nà là nígbà tí igbó dí mọ́ gbogbo òrìṣà: àdá irin ni ó mú lọ́wọ́ nígbà tí irinṣẹ́ àwọn yòókù ti ṣẹ́ po.

Òfin kan wà tí ó yẹ kí a kọ sára ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì, kí a sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́: nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ ni a ń kọ́kọ́ tú. Ihò méjì ni ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì máńúà ní, ti ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń bá jáde, àti ti ẹ̀gbẹ́ tí a ń gbà dà á wọlé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tú ti ìsàlẹ̀, tí ọ́ìlì sì dà sínú abọ́ tán, tí ó wá rí i pé ti ẹ̀gbẹ́ kò gbọ́ sípánà mọ́, ó ti sọ ọkọ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá di òkú ẹrù. Kò lè wa á lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, àfi kí wọ́n fi okùn fà á. Ṣùgbọ́n bí ti ẹ̀gbẹ́ bá ṣí, kò sí ohun tí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ lè ṣe tí yóò dá wa dúró, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ihò tí a ń gbà dà á wọlé náà lè jẹ́ ihò tí a ó gbà fà á jáde.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. A ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà díẹ̀ kí ọ́ìlì lè gbóná kí ó sì ṣàn, nítorí ọ́ìlì gíà tútù ki bí àdí. Kòtò mẹ́káníìkì ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọkọ̀ dúró déédéé lórí rẹ̀. Bí kò bá sí kòtò, kí a gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó jẹ́ jáàkì nìkan ni ó gbé e dúró, ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni irú rẹ̀ ti tẹ̀ pa. A ó wá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ihò ẹ̀gbẹ́, a ó darí rẹ̀ títí tí yóò fi kan ìsàlẹ̀, a ó sì fi pọ́ǹpù ọwọ́ tàbí síríńjì ńlá máa fa ọ́ìlì jáde díẹ̀díẹ̀ sínú abọ́ tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀. Kí a má ṣe fi ẹnu fà á bí àwọn tí ń jí epo fà nínú táńkì.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá kan yóò wí: wọn yóò ní kì í jáde tán. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí gíábọ́ọ̀sì bá gba lítà 2, tí a sì rí lítà 1.6 fà jáde, ìdá kan nínú márùn-ún ọ́ìlì àtijọ́ ni ó kù síbẹ̀. Bí a bá da tuntun sí i, tí a wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí a sì tún fà á bí ti àkọ́kọ́, èyí tí yóò kù nínú ti àtijọ́ kò ju ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ta ni yóò fi èyí wé kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀? Àbùkù tòótọ́ tí ọ̀nà yìí ní ni pé èérún irin tí ó ti sùn sí ìdí gíábọ́ọ̀sì àti èyí tí ó lẹ̀ mọ́ òòfà kò ní bá rọ́bà jáde, nítorí náà, ọ̀nà ìgbà díẹ̀ ni, kì í ṣe ti ayérayé. Lára àwọn ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, ọ̀nà mìíràn tún wà: bí a bá yọ ọ̀pá tí ó ti gíábọ́ọ̀sì lọ sí táyà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́ìlì yóò gba ihò rẹ̀ dà sílẹ̀, kìkì pé kí a fi rọ́bà tuntun sí ẹnu ihò náà kí a tó dá ọ̀pá padà.

Ẹni tí ó bá wá fẹ́ mú nọ́ọ̀tì náà jáde dandan, kò burú, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kí ó fọ ibẹ̀ mọ́, kí ó fọ́n òróró tí ń wọ inú ìpata sí i, kí ó sì jẹ́ kí ó sùn lé e. Ní ọjọ́ kejì, kí ó wá sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tí ó fi díẹ̀ kéré sí orí nọ́ọ̀tì náà, kí ó fi òòlù gbá a wọlé títí tí yóò fi jẹ ara rẹ̀ mú. Tàbí kí ó fi fáìlì fá ẹgbẹ́ méjì orí náà títẹ́jú, kí fílátì sípánà kékeré lè rí ibi dì mú. Ẹ má rẹ́rìn-ín bí mo bá tún fi kún un pé kí ó rí i dájú pé ọ̀nà tí a ń gbà tú u ni ó ń yí i sí, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, òsì àti ọ̀tún a máa dàrú mọ́ ọn lójú, a sì ti rí àwọn tí ó fi gbogbo agbára wọn dì í le sí i.

Bí gbogbo èyí bá já sí pàbó, wẹ́dà ni ó kàn. Wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ yóò jó nọ́ọ̀tì mìíràn mọ́ orí èyí tí ó bó, oríṣi iná bẹ́ẹ̀ a sì máa tú ìdè ìpata náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni nọ́ọ̀tì tí ó ti ń ṣe agídí láti àárọ̀ yóò yí wẹ́rẹ́ kí ó tó tutù tán. Ṣùgbọ́n kí a tú orí bátìrì ọkọ̀ kí iná wẹ́dà má ba kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ jẹ́, kí a fa ọ́ìlì inú gíábọ́ọ̀sì jáde dé ibi tí ó lè jáde dé bí a ti wí kí a tó dá iná, kí yanrìn tàbí ohun ìpaná sì wà nítòsí. Kí a rántí pẹ̀lú pé álúmíníọ̀mù ń yọ́ ní nǹkan bí 660 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí irin líle tó ronú àtiyọ́. Iná tí ó bá ṣìnà kúrò lórí nọ́ọ̀tì yóò lu ara gíábọ́ọ̀sì, ẹni tí ó ń wá nọ́ọ̀tì yóò sì di ẹni tí ń wá gíábọ́ọ̀sì tokunbọ̀ kiri ọjà Ládípọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú ihò fúnra rẹ̀ ni ó ti jẹ, kì í ṣe orí nọ́ọ̀tì, ọ̀ràn náà yí padà. Òwú tí a ń wé mọ́ ọn àti gọ́ọ̀mù tí a ń fi lẹ̀ ẹ́ kò ju ẹ̀tàn lọ; bí wọ́n bá jábọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, gbogbo ọ́ìlì yóò dà nù, gíábọ́ọ̀sì yóò sì jó gbẹ kí awakọ̀ tó fura. Tọ́ọ̀nà ni kí a wá, kí ó gbẹ́ ihò náà tóbi díẹ̀, kí ó gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, kí ó sì fi òrùka irin tí ó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì nínú dì í, èyí tí yóò tilẹ̀ lágbára ju álúmíníọ̀mù àtijọ́ lọ. Gbogbo èérún tí ó bá já sínú kí a fi ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú ṣàn án jáde kí a tó da ojúlówó sí i.

Ní ti ọ́ìlì tí a ó dà sí i, gbólóhùn kan ni mo ní fún àwọn tí ń tà á tí wọ́n ń wí pé ọ́ìlì gíà kan náà ni gbogbo rẹ̀: irọ́ ni. Èyí tí a kọ GL-5 sí lára ní súlífọ̀ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó pọ̀ ju ti GL-4 lọ, nítorí pé dífà ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń ru ẹrù ńlá ni a ṣe é fún. Àwọn kan nínú irú rẹ̀ a máa jẹ òrùka idẹ tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, gíà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké láìpẹ́. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì máńúà GL-4 ni ó fẹ́, àwọn mìíràn fẹ́ irú ọ́ìlì tí ó fẹ́lẹ́ tí a ń dà sí ọ́tò. Ìwé ọkọ̀ ni kí a gbọ́, kì í ṣe ẹnu ọlọ́jà. A ó dà á títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà láti ẹnu ihò ẹ̀gbẹ́, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró déédéé, a ó sì dí i. Èyí tí a fà jáde, kí a má ṣe dà á sí gọ́tà, nítorí kànga ni yóò lọ.

Mo dá ọlọ́kọ̀ lẹ́bi nínú ọ̀ràn yìí tó bí mo ti dá mẹ́káníìkì lẹ́bi. Ẹni tí ó ń ná owó iṣẹ́ títí tí ọ̀gá fi gbà á pẹ̀lú ìbínú, tí ó wá dúró lé e lórí pé kí ó ṣe é kíákíá nítorí òun ń lọ òde, ìwọ̀n owó tí ó san ni wọ́n fi bá a ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́káníìkì, kí ẹ tó fún ọmọ iṣẹ́ ní fìrídọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí ó dí nọ́ọ̀tì yìí lójú yín láìlo páìpù, kí ẹ sì ra sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà fún un. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ ra nọ́ọ̀tì tuntun àti wáṣà rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, ẹ san owó sùúrù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí ti ẹ̀gbẹ́ ní títú.